Ọjọ́ 1,277

Ẹ jẹ́ ká fi ìbéèrè bẹ̀rẹ̀. Bí ènìyàn bá jókòó sórí àga fún ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀, tí ilé ẹjọ́ wá sọ lẹ́yìn náà pé àga náà kì í ṣe tirẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ni ká ṣe sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀? Ilé tó kọ́, ìwé tó fọwọ́ sí, ẹni tó gbà síṣẹ́: ṣé gbogbo rẹ̀ ti bá àga náà lọ ni? Tí kò bá sì bá a lọ, ṣé ohun rere tó ṣe wá sọ àga náà di tirẹ̀ ni?

Fún àwa ará Ọ̀ṣun, ìbéèrè yìí kì í ṣe àlọ́. Ó ṣẹlẹ̀ sí wa. Ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2007, wọ́n búra fún Ọmọọba Ọlágúnsóyè Oyinlọlá fún sáà kejì gẹ́gẹ́ bíi gómìnà ìpínlẹ̀ wa. Ní ọjọ́ 26, oṣù Kọkànlá, ọdún 2010, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó jókòó ní Ìbàdàn sọ pé kì í ṣe òun ló wọlé, pé Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá ni. Mo jókòó, mo kà á. Ọjọ́ 1,277 ló wà láàárín ọjọ́ méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ọkùnrin náà dáadáa. Ẹni tó bá ti Ìkìrun bọ̀, tó gba Ìnísà kọjá, Òkukù ló máa bá níwájú. Ọmọ Òkukù ni Oyinlọlá. Ọjọ́ 3, oṣù Kejì, ọdún 1951 ni wọ́n bí i. Bàbá rẹ̀, Ọba Moses Oyèwọlé Oyinlọlá, ni Olókukù nígbà náà; ọdún 1934 ló gorí oyè, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1960. Ọmọ náà wọṣẹ́ ológun. Ó wà lára àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà tí wọ́n rán lọ sí Somalia lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ní ìparí ọdún 1993, lẹ́yìn tí Abacha gba ìjọba, wọ́n fi í ṣe alákòóso ológun ní ìpínlẹ̀ Èkó, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1996. Ó fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ológun ní 1999. Ní 2003, ó díje lábẹ́ ẹgbẹ́ PDP, ó gba ipò gómìnà Ọ̀ṣun lọ́wọ́ Bísí Àkàǹdé ti ẹgbẹ́ AD.

Ẹ wò ó: ẹnu ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọkùnrin kan ṣoṣo gbà wọ ilé ìjọba. Ní 1993, ìbọn ló ṣílẹ̀kùn. Ìjọba ológun ti lé Michael Ọ̀tẹ́dọlá, gómìnà tí ará Èkó dìbò yàn, kúrò níbẹ̀. Ní 2003, ìbò ló ṣílẹ̀kùn. Ní 2007, wọ́n ní ìbò náà ló ṣí i, ilé ẹjọ́ sì sọ lẹ́yìn náà pé rárá. Òun kan náà ló jókòó nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìwà kan náà, ọpọlọ kan náà, ìbúra tó jọra. Tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ nìkan la fi ń díwọ̀n ìjọba, a ò ní rí ìyàtọ̀ kankan láàárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìyàtọ̀ sì wà. Gbogbo wa la mọ̀ pé ó wà.

Báwo ni ilé ẹjọ́ ṣe dé ibi tó dé? Ìdìbò náà wáyé ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹrin, ọdún 2007. Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé ẹjọ́ lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ìbò. Ìgbìmọ̀ àkọ́kọ́ da ẹjọ́ náà nù ní 2008. Ní 2009, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní kí wọ́n tún un gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbìmọ̀ kejì tún dá Oyinlọlá láre ní oṣù Karùn-ún, ọdún 2010. Ìgbà tí ẹjọ́ náà padà dé ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ni ọ̀rọ̀ yí padà. Adájọ́ Clara Ogunbiyi ló ka ìdájọ́ náà. Wọ́n fagi lé èsì ìbò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá, wọ́n ka èyí tó kù, wọ́n sì ní Arẹ́gbẹ́ṣọlá ló ní ìbò tó pọ̀ jù. Ohun tí wọ́n gbé sórí òṣùwọ̀n ni ìbò. Wọn ò gbé ọkàn ẹnikẹ́ni sórí rẹ̀, wọn ò sì rán ẹnikẹ́ni lẹ́wọ̀n. Èmi náà ò ní gbé ohun tí wọn ò gbé.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àgbègbè wa. Ìbà wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́lódùn, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìkìrun. Ìnísà àti Òkukù wà lábẹ́ Odò-Ọ̀tìn. Kò jìnnà rárá. Èèyàn lè gun ọ̀kadà lọ kó sì bọ̀ kí àmàlà tó tutù. Odò-Ọ̀tìn wà lára ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá tí wọ́n fagi lé èsì ìbò wọn. Ifẹ́lódùn kò sí lára wọn. Torí náà, ẹni tó dìbò ní Ìbà, ìbò rẹ̀ dúró. Ẹni tó jí ní ìdájọ́ kan náà ní Ìnísà, tó tò sórí ìlà nínú oòrùn, tó tẹ̀ka síbi tó wù ú láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìbò tirẹ̀ bá ayédèrú lọ. Kò sí bí wọ́n ṣe lè ṣa òótọ́ kúrò nínú irọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti pò ó pọ̀, àfi kí wọ́n da gbogbo rẹ̀ nù. Ẹni yẹn kò ṣẹ̀, ó sì pàdánù. Mo fẹ́ ká rántí rẹ̀ bá a ṣe ń lọ, torí pé nínú gbogbo àríyànjiyàn nípa Oyinlọlá àti Arẹ́gbẹ́ṣọlá, òun lẹni tí kò sẹ́ni tó ń dárúkọ.

Ó yá, kí ló wá ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ 1,277 náà? Ohun tó pọ̀ ni. Yunifásítì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí gbogbo ayé ń pè ní UNIOSUN, ọdún 2006 ni wọ́n fi òfin dá a sílẹ̀, nínú sáà àkọ́kọ́ tí kò ní ẹjọ́ lórí. Ọdún 2007 làwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ wọlé, ìyẹn ni pé inú ọjọ́ tó ní ẹjọ́ lórí ni wọ́n ti kàwé. Ọgbà mẹ́fà ló ní: Òṣogbo, Òkukù, Ìkirè, Èjìgbò, Ìfẹ́tẹ̀dó àti Ìpetu-Ijẹ̀ṣà. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n dá ibùdó kan sílẹ̀ l'Óṣogbo fún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú àti ìbáṣepọ̀ láàárín orílẹ̀-èdè, pẹ̀lú àtìlẹ́yìn UNESCO. Ẹ fi àwọn nǹkan ojoojúmọ́ kún un: ìsúná ọdọọdún, òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbà, tíṣà tí wọ́n gbé ga, ìwé ilẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí, ọba tí wọ́n fún ní ọ̀pá àṣẹ.

Ṣé kí gbogbo rẹ̀ bàjẹ́? Òfin ti ní ìdáhùn tirẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ìlànà kan wà tí àwọn ilé ẹjọ́ tó jogún òfin lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ń tẹ̀ lé. Wọ́n ní bí ẹnì kan bá jókòó sípò, tí gbogbo ènìyàn sì ń bá a lò gẹ́gẹ́ bí onípò, ohun tó ṣe nígbà náà máa dúró, kódà bí a bá padà rí i pé kò yẹ kó jókòó síbẹ̀. Ìdí rẹ̀ rọrùn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wọ yunifásítì ní 2007 kò mọ nǹkan kan nípa àpótí ìbò. Opó tó gba ìwé ilẹ̀ kò lè dúró ọdún mẹ́ta kí ilé ẹjọ́ tó sọ ẹni tó ní bírò tí wọ́n fi fọwọ́ sí i. Bí a bá fa okùn kan tu, aṣọ gbogbo ìlú ló máa tú.

Kì í ṣe àwa nìkan ni irú èyí bá. Ní orílẹ̀-èdè Bangladesh, lẹ́yìn tí wọ́n pa Sheikh Mujibur Rahman ní 1975, òfin ológun ni wọ́n fi ń ṣèlú. Ziaur Rahman, ọ̀gá ológun, di ààrẹ ní 1977. Ní 1979, ilé aṣòfin ibẹ̀ tún ìwé òfin ṣe, wọ́n ní gbogbo ohun tí ìjọba ológun ti ṣe láti 1975 tọ́, kí ẹnikẹ́ni má bi wọ́n. Ọkùnrin kan tó ní ilé sinimá ní Dhaka, tí wọ́n ń pè ní Moon, ló gbé ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ dé ilé ẹjọ́, ìyẹn ló sì tú àṣírí gbogbo rẹ̀. Ní 2005, ilé ẹjọ́ gíga ibẹ̀ ní àtúnṣe òfin náà kò bófin mu. Ní oṣù Kejì, ọdún 2010, ọdún kan náà tí ti Ọ̀ṣun ṣẹlẹ̀, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ fara mọ́ ọn. Síbẹ̀, wọn ò jẹ́ kí gbogbo nǹkan wó. Wọ́n ní àwọn ohun kan tó ti parí, tó sì ṣe aráàlú láǹfààní, kí wọ́n gbójú fò ó. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ náà. Wọn ò ní ó tọ́. Wọ́n ní kí wọ́n gbójú fò ó. Ọ̀rọ̀ Ọ̀ṣun kò tó ti Dhaka, kò sí ìbọn nínú tiwa. Ọgbọ́n tó wà nínú méjèèjì ló jọra: ohun tó ṣẹlẹ̀ lè dúró láìjẹ́ pé ọ̀nà tó gbà ṣẹlẹ̀ tọ́.

Òfin ti sọ tirẹ̀. Ìwà ọmọlúàbí ńkọ́? Òfin ń dáàbò bo akẹ́kọ̀ọ́ àti opó. Kò sọ ojú tó yẹ ká máa fi wo ẹni tó jókòó. Níbí ni ẹnu wa kò ti kò.

Bàbá kan wà ní Ìbà tó ń ta pákó. Ọjọ́ kan, ọ̀rọ̀ yìí bẹ́ sílẹ̀ ní ìsọ̀ rẹ̀. Mo ní ilé ẹjọ́ ti sọ pé ipò náà kì í ṣe ti Oyinlọlá. Bàbá rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, ọmọ ọmọ mi kàwé jáde ní UNIOSUN, ọgbà ti Òkukù níbí. Ṣé kí n sọ fún un pé kó lọ dá sátífíkéètì padà ni?"

"Rárá o, Bàbá. Tirẹ̀ ni."

"Ó dáa. Tó bá jẹ́ tirẹ̀, ta ni kí n wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?"

Mi ò rí èsì fún wọn lọ́jọ́ náà, ìbéèrè náà sì lágbára ju bí wọ́n ṣe bi í lọ. Ohun tí Bàbá ń sọ lábẹ́ ọ̀rọ̀ ni pé ọpẹ́ ń pa ẹjọ́ rẹ́. Bí ènìyàn bá ṣe mí lóore, ta ni mí tí màá fi máa bi í pé báwo lo ṣe dé ibi tó o ti ṣe é? Ọ̀pọ̀ wa ló ń ronú báyẹn. "Ó kúkú ṣiṣẹ́" la máa ń sọ. Gbólóhùn kékeré yìí ti fọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọwọ́ mọ́ ní ilẹ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ ká wò ó lójú oko. Ká ní ẹnì kan gbin kòkó sórí ilẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Bóyá ó mọ̀, bóyá kò mọ̀. Ó tọ́jú rẹ̀, kòkó sì so. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwọn àgbà dá ẹjọ́, ilẹ̀ padà sọ́wọ́ onílẹ̀. Ọlọ́gbọ́n kan kò ní sọ pé kí wọ́n gé kòkó. Kòkó kò jalè. Bákan náà, ọlọ́gbọ́n kan kò ní sọ pé torí kòkó yìí dára, ilẹ̀ ti di ti ẹni tó gbìn ín. Ohun méjì ni. A lè yin ọwọ́ tó mọ oko í ro, ká sì sọ pé ilẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Nínú méjèèjì, kò sí ìkankan tó ń yọ ìkejì kúrò.

Èsì tí mo ní fún Bàbá lónìí nìyí: Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ronú kàn án, kò burú. Ẹ rántí pé owó ìpínlẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ, owó tiyín náà wà níbẹ̀. Kí ọpẹ́ yín má sì di owó tí ẹnikẹ́ni máa fi san gbèsè tí kì í ṣe ẹ̀yin ló jẹ. Ọmọ ọmọ yín kọ́ ló pàdánù ìbò rẹ̀ ní Ìnísà.

Àwọn kan wà tó lọ sí apá kejì pátápátá. Àwọn yẹn ní ohunkóhun tó bá ti orí irọ́ wá, irọ́ ni. Wọn kì í fẹ́ dárúkọ yunifásítì náà mọ́ ọkùnrin náà. Ó jọ òdodo létí, ọ̀lẹ ni nísàlẹ̀. Ó rọrùn púpọ̀ láti pa ènìyàn rẹ́ ju láti gbé gbogbo ohun tó jẹ́ yẹ̀wò lọ. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí mò ń ṣe ló jẹ́ kí n mọ ìdẹwò yìí dáadáa. Bí owó bá ń ti àkáǹtì kan lọ sí ìkejì, tí nǹkan bà jẹ́ lójú ọ̀nà, àwa tó kọ ètò náà lè pàṣẹ kan tó máa dá ohun gbogbo padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ rí. Ó dùn mọ́ni púpọ̀. Ẹni tó bá ti lo àṣẹ yẹn rí máa fẹ́ kí ayé náà ní irú rẹ̀. Ṣebí bí ètò náà bá ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù ènìyàn kí nǹkan tó bà jẹ́, kò sí àṣẹ tó lè fà á padà? Ẹni náà ti kà á. Ó ti lè fi ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ra ọjà. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni ká tún fi àtẹ̀jíṣẹ́ mìíràn ránṣẹ́, ká ṣàlàyé. Àwọn tó mọ ìwé owó kíkọ dáadáa kì í pa ìlà tó ṣì rẹ́; wọ́n máa ń kọ ìlà tuntun sábẹ́ rẹ̀ tó ń tún un ṣe, méjèèjì á sì wà níbẹ̀ títí láé. Ìdájọ́ ọdún 2010 kò pa ọdún 2007 rẹ́. Ìlà tuntun ló kọ sábẹ́ rẹ̀.

Ó ku gbèsè. Yorùbá ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Òwe dáadáa ni. Kò kàn sọ ohun tí irọ́ ti jẹ lójú ọ̀nà ni, àti ẹni tó máa san án.

Arẹ́gbẹ́ṣọlá gba tirẹ̀ padà. Ìwé òfin Nàìjíríà ní ọdún mẹ́rin ni gómìnà á lò láti ọjọ́ tó bá búra. Ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ti là á mọ́lẹ̀ ní oṣù Kẹfà, ọdún 2007, nínú ẹjọ́ Peter Obi ti Anambra: ìgbà tí Obi búra ní oṣù Kẹta, ọdún 2006, ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún rẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí Chris Ngige ti jókòó síbẹ̀ ní 2003. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún Mímikò l'Óndó ní 2009, àti Fáyẹmí l'Ékìtì ní 2010. Arẹ́gbẹ́ṣọlá búra ní ọjọ́ 27, oṣù Kọkànlá, ọdún 2010, ó sì lo ọdún mẹ́rin rẹ̀ pé. Ìdí nìyẹn tí Ọ̀ṣun kì í fi í bá àwọn ìpínlẹ̀ yòókù dìbò gómìnà mọ́. A dìbò ní 2014, ní 2018, ní 2022, oṣù Kọkànlá la sì máa ń búra fún gómìnà. Ọmọ kékeré tó ń bi bàbá rẹ̀ pé kí ló dé tí tiwa fi yàtọ̀, àpá ló ń wò. Egbò ti jinná, àpá wà nínú kàlẹ́ńdà.

Olùdíje gba ọdún mẹ́rin rẹ̀. Olùdìbò ńkọ́? Ẹni tó dìbò ní Ìbà ní 2007 pé kí ẹnì kan pàtó máa ṣe ìjọba òun láàárín 2007 sí 2011, kò rí i gbà. Ọjọ́ 1,277 nínú ayé rẹ̀ ni wọ́n fi ṣèjọba lé e lórí láìjẹ́ pé wọ́n gba ìyọ̀ǹda rẹ̀. Ẹlòmíràn kú láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn. Ta ló máa sanwó fún un? Ẹni tó gba ipò kò lè san án. Ẹni tó pàdánù ipò náà kò lè san án. Ọjọ́ kì í ṣe owó, a ò lè ṣẹ́ ẹ.

Ó yani lẹ́nu pé Oyinlọlá fúnra rẹ̀ ti tọ́ apá kejì ọ̀rọ̀ yìí wò. Ní 2012, ó di akọ̀wé àgbà fún ẹgbẹ́ PDP ní gbogbo Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 11, oṣù Kìíní, ọdún 2013, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Abuja yọ ọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá a padà, wọ́n ní kò yẹ kí wọ́n yọ ọ́. Oṣù mẹ́wàá ti lọ láàárín. Ilé ẹjọ́ dá ipò padà fún un. Kò sí ilé ẹjọ́ tó lè dá oṣù mẹ́wàá padà. Mi ò sọ èyí láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo sọ ọ́ torí pé ó fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ẹgbẹ́ òṣèlú kan tàbí ti ẹnì kan. Ọjọ́ tó bá lọ kò mọ olówó, kò mọ ọmọọba.

Ṣé ó túmọ̀ sí pé gbèsè náà di àfọwọ́rọ́ nìyẹn? Rárá. Bí a ò bá lè san án fún ẹni tó pàdánù, a lè san án fún ẹni tó ń bọ̀. Ohun tó sì jọ bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Nínú àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí ìwé òfin Nàìjíríà ní 2010, wọ́n fi gbèdéke lé ẹjọ́ ìbò: ọjọ́ 180 fún ìgbìmọ̀ àkọ́kọ́, ọjọ́ 60 fún ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ohun tó yọrí sí. Ní ọjọ́ 16, oṣù Keje, ọdún 2022, a dìbò gómìnà l'Ọ́ṣun. INEC kéde Adémọ́lá Adélékè. Gbóyèga Oyètọ́lá gbé ẹjọ́ lọ. Ìgbìmọ̀ yọ Adélékè ní oṣù Kìíní 2023, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá a padà ní oṣù Kẹta, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ sì parí gbogbo rẹ̀ ní ọjọ́ 9, oṣù Karùn-ún. Láti ọjọ́ ìbò dé ọjọ́ ìdájọ́ ìkẹyìn, ọjọ́ 297. Ìpele mẹ́ta ni ẹjọ́ náà gbà, kò tó ọdún kan. Ẹni tó bá jàre tàbí ẹni tó bá jẹ̀bi, kì í ṣe ìyẹn ni mò ń wò. Ohun tí mò ń wò ni ìyàtọ̀ láàárín 1,277 àti 297. Ìyàtọ̀ yẹn ni ìdá kan nínú gbèsè tí wọ́n san. Ọjọ́ 297 ṣì pọ̀ jù lójú mi. Ó yẹ kí ẹjọ́ parí kí ẹnikẹ́ni tó gbé Bíbélì tàbí Kùránì sókè búra. Títí dìgbà náà, gbèsè ṣì wà nílẹ̀.

Ó wá ku bí a ó ṣe máa sọ ìtàn ọkùnrin náà fáwọn ọmọ wa. Òkukù, ìlú rẹ̀, ló kọ́ mi ní èyí. Ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, ọ̀mọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kan, Karin Barber, gbé ní Òkukù fún ọdún díẹ̀, ó ń kọ́ nípa oríkì lẹ́nu àwọn obìnrin ìlú náà. Ìwé tó kọ lórí rẹ̀ jáde ní 1991, ó sì gbé orúkọ Òkukù dé ilé ìkàwé káàkiri àgbáyé. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbọ́ oríkì lẹ́nu ìyá àgbà mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Oríkì kì í ṣe ìyìn lásán. Ó máa pe bàbá ńlá rẹ ní akọni, ìlà tó tẹ̀ lé e á sọ pé ó jẹ gbèsè, ìlà kẹta á sọ bó ṣe lawọ́, ìkẹrin á sọ ìjà tó jà tí kò yẹ kó jà. Orí rẹ á wú, ojú á sì tì ọ́ díẹ̀, lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí ẹ bá fetí sílẹ̀ dáadáa, ẹ máa rí i pé ìyá àgbà kì í fi "ṣùgbọ́n" so àwọn ìlà náà pọ̀. Wọ́n kàn ń tẹ̀ léra ni. Àwa tó ń sọ̀rọ̀ òṣèlú, "ṣùgbọ́n" ló ń bà wá jẹ́. Bí a bá ní "ilé ẹjọ́ ní kì í ṣe òun ló wọlé, ṣùgbọ́n ó dá yunifásítì sílẹ̀," a ti fi yunifásítì san ìbò. Bí a bá yí i padà, "ó dá yunifásítì sílẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló wọlé," a ti fi ìbò wó yunifásítì. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn máa ń ṣe bíi kàlìkúlétọ̀, á yọ ọ̀kan kúrò nínú ìkejì, á fún wa ní iye kan ṣoṣo, a ó sì lọ sùn.

Ẹ jẹ́ ká máa sọ ọ́ báyìí: Ọmọọba Òkukù ni. Ológun ni, ó sì lọ sí Somalia. Ó ṣàkóso Èkó láìjẹ́ pé ará Èkó yàn án. Ará Ọ̀ṣun yàn án ní 2003. Ó dá yunifásítì sílẹ̀, àwọn ọmọ wa ń kàwé jáde níbẹ̀ títí dòní. Ó jókòó fún ọjọ́ 1,277 lórí àga tí ilé ẹjọ́ ní kì í ṣe tirẹ̀. Ìlà kan, ìlà kan. Kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀kan bo ìkejì.

Bí ẹlòmíràn bá wá dúró níwájú wa lọ́la, tó ń na ọwọ́ sí afárá àti ilé ìwé tó kọ́, ẹ jẹ́ ká kí i kú iṣẹ́ tọkàntọkàn. Lẹ́yìn náà, ká bi í pé ẹnu ọ̀nà wo ló gbà wọlé. Ìbéèrè méjì ni, ìdáhùn méjì la sì fẹ́ gbọ́.